Bàbá ń gbàgbé nǹkan lẹ́yìn rọpárọsẹ̀: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọÒṣómàáló (Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá wa, ẹni ọdún 66, aláṣọ ni wọ́n ní ọjà Atakúmọ̀sà. Oṣù kẹrin rèé tí rọpárọsẹ̀ mú wọn. Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló dí ní apá ọ̀tún ọpọlọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì ló rọ. Ẹsẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn. Ti iyè ló kù tó ń dà wá láàmú.

Wọ́n lè bi wá ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí kan. Wọ́n á ní àwọn ti jẹun tán, oúnjẹ á ṣì kù nínú àwo, wọ́n á tún ní a ò bu ẹran fáwọn. Wọ́n á ní àwọn ti lo oògùn, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Wọ́n lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ láìsọ nǹkan kan. Ọjọ́ míì sì wà, ní bí aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa làágùn, ọ̀rọ̀ wọn á dàrú pátápátá. Tí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, á rọlẹ̀.

Oògùn wọn: amlodipine, lisinopril, aspirin 75 mg, atorvastatin, metformin, glibenclamide. Wọ́n tún ń lo Piriton méjì lálẹ́ kí wọ́n lè rí oorun sùn. Àwọn ẹbí kan ní wọ́n ń ṣarán ni, àwọn kan ní àfiṣe ni, ẹnìkan sì fẹ́ ta oògùn tó ń jí ọpọlọ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

AláṣọFunfun

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ká tó dórí ìgbàgbé rárá, ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn ló já mi láyà. Ẹni tó ń lo glibenclamide, tó ń làágùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú kí oúnjẹ tó dé, tó sì ń bọ̀ sípò lẹ́yìn tó jẹun: ẹ kà á sí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń já wálẹ̀, títí ẹ̀rọ á fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣúgà ni oúnjẹ ọpọlọ. Ọpọlọ tó sì ti gbọgbẹ́ kì í fara da ebi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà sílé. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ gún ìka, ẹ wò ó. Bó bá wà lábẹ́ 70 (tàbí 3.9, bó bá jẹ́ mmol ni ẹ̀rọ yín ń kà), ẹ po ẹyọ mẹ́rin ṣúgà onígun sínú omi kí wọ́n mu ún, tàbí ìdajì ìgò mínírà, kó má jẹ́ irú èyí tí kò ní ṣúgà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kí wọ́n jẹ oúnjẹ gidi. Bí ẹ̀rọ ò bá sí nítòsí, ẹ fún wọn ní ṣúgà náà bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá lè gbé nǹkan mì, tàbí tí oorun tí kò ṣeé jí ti ń gbé wọn lọ, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu o. Ilé ìwòsàn ni. Kí oògùn ṣúgà mìíràn tó wọ inú wọn, ẹ pe dókítà wọn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ ka iye tí ẹ rí fún un.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀: arán kì í dé láàárín ọ̀sán sí alẹ́. Ẹni tó mọ ọmọ rẹ̀ lánàá, tí kò mọ̀ ọ́n lónìí, nǹkan mìíràn ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ kòkòrò inú ìtọ̀, ibà, àìmu omi tó, ìgbẹ́ tó há fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tàbí ìṣubú kan tí kò sẹ́ni tó kà sí. Ẹni tó ń lo aspirin tó forí gbálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ egungun agbárí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn. Ó sì lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ tuntun. Gbogbo wọn ló ní ìtọ́jú, kò sí èyí tó gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kílíníìkì.

Apoògùn_Lágere

AláṣọFunfun, nọ́ọ̀sì wa, ti gba ẹnu mi lórí glibenclamide. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé oògùn náà máa ń pẹ́ lára, ó lè ṣiṣẹ́ tó wákàtí 24, tí kídìnrín ò bá sì ṣiṣẹ́ dáadáa, ó tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún àgbàlagbà tó máa ń gbàgbé, ewu méjì ló pàdé ara wọn: wọ́n lè lò ó kí wọ́n má jẹun, wọ́n sì lè lò ó lẹ́ẹ̀mejì torí wọ́n gbàgbé pé àwọn ti lò ó. Ẹ bi dókítà bóyá òmíràn wà tí kì í já ṣúgà wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì yẹ kídìnrín wò.

Èyí tí ẹ ò kà sí ni Piriton. Èròjà kan wà tí ọpọlọ fi ń tọ́jú ohun tuntun pamọ́. Piriton ń dí i lọ́nà. Ọ̀dọ́ lè má mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti gbọgbẹ́ á jí láàárọ̀ bí ẹni tí kùrukùru bò. Ìdílé kan náà ni promethazine (Phenergan), amitriptyline àti benzhexol (Artane) pẹ̀lú rẹ̀. Diazepam náà ń ba ìrántí jẹ́ lọ́nà tirẹ̀, àmọ́ ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, torí gìrì lè dé. Bó bá jẹ́ torí oorun nìkan ni Piriton ṣe wà níbẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ yọ ọ́. Fún oorun, ẹ gbé wọn jókòó síta nínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ fún ìdajì wákàtí, kí oorun ọ̀sán má sì kọjá ìṣẹ́jú 30.

Ẹ ra àpótí oògùn ọlọ́jọ́ méje, oníhò méjì lójúmọ́, ti àárọ̀ àti ti alẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa kún un, lọ́jọ́ kan náà lọ́ọ̀sẹ̀. Ihò tó bá ṣófo, wọ́n ti lò ó. Èyí tó bá kún, wọn ò tíì lò ó. Àríyànjiyàn tán. Kẹ́ ẹ kó páálí tó kù pamọ́ síbi tí ọwọ́ wọn ò lè dé.

Ní ti oògùn tó ń jí ọpọlọ, ẹ fowó yín pamọ́. Piracetam àti àwọn fítámì tí wọ́n ń tà lórúkọ yẹn kò ní ẹ̀rí tó múná dóko pé wọ́n ń dá ìrántí padà lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Fítámì B12 yàtọ̀ díẹ̀: metformin tí ẹnìkan ti lò fún ọdún púpọ̀ lè mú un lọ sílẹ̀ lára, B12 tó lọ sílẹ̀ sì ń fa ìgbàgbé. Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nínú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ ara, PCV (ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára) àti ẹṣẹ́ ọrùn tó ń jẹ́ thyroid. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ kò gbọdọ̀ kan oògùn wọ̀nyí rárá.

Físíò_Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ àwo oúnjẹ, torí kì í ṣe ìgbàgbé, ilé kì í sì í tètè mọ̀ ọ́n.

Apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń bójú tó àkíyèsí sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Bó bá gbọgbẹ́, ẹ̀gbẹ́ òsì á di ohun tí kò sí mọ́ lójú ẹni náà. Ojú ríran, ṣùgbọ́n ọpọlọ ò ya síbẹ̀. Ẹ gbé iyán sí apá ọ̀tún àwo, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹran sí apá òsì: wọ́n á jẹ iyán tán ní ọ̀tún, wọ́n á wá bínú pé wọn ò fún àwọn lẹ́ran, ẹran sì wà níbẹ̀. Ẹ yí àwo náà po láìsọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún, ẹ ti rí i nìyẹn.

Ìdánwò kan wà tí kò ní ìwé nínú. Ẹ to ọmọ ayò 20 sórí tíréè, 10 lápá òsì, 10 lápá ọ̀tún. Ẹ ní kí wọ́n ṣà gbogbo rẹ̀. Ẹ ka èyí tó kù àti apá ibi tó kù sí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ ó fi mọ̀ bó bá ń dín kù.

Ìtọ́jú rẹ̀: ẹ wá téèpù pupa fífẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí òsì tíréè oúnjẹ, etí òsì ìwé, etí òsì dígí. Kí wọ́n tó bu òkèlè, ẹ ní: "Bàbá, ẹ wá pupa." Orí ni kí wọ́n yí, kì í ṣe ojú nìkan. Wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi fọwọ́ kan pupa náà. Kí wọ́n jẹun dé àárín, ẹ tún ní: "Ẹ wá pupa." Ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, sàn ju wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lọ, torí àárẹ̀ ọpọlọ ń tètè dé. Nígbà ìdánrawò, apá òsì ni kí ẹ jókòó sí. Tó bá jẹ́ ohun tí wọ́n nílò kíákíá, bíi omi, fóònù tàbí agogo tí wọ́n fi ń peni, apá ọ̀tún ni kó wà.

Kí wọ́n má dá ọ̀nà sọdá o. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ létí títì, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ tó kọ́kọ́ máa kàn án ti ń bọ̀. Apá tí wọn ò rí gan-an nìyẹn. Ẹrẹ́jà ní Iléṣà yẹn kì í ṣe ibi tí wọ́n lè dá nìkan dé báyìí.

ỌmọÒṣómàáló

Áà! Ẹ ṣeun gan-an ni. Irùngbọ̀n tí wọ́n ń fá, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Apá aṣọ òsì pẹ̀lú, wọn kì í wọ̀ ọ́. A rò pé ojú ni, a ti fẹ́ lọ ṣe gíláàsì.

Físíò_Ifẹ̀

Ẹ ṣì jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú wò, torí rọpárọsẹ̀ lè gé ìdajì ìríran náà kúrò, ìyẹn sì yàtọ̀. Ẹni tí ìdajì ìríran rẹ̀ lọ máa ń mọ̀ pé nǹkan kù, á máa yí orí wá a. Ẹni tí àkíyèsí rẹ̀ ló lọ kò mọ̀ pé nǹkan kankan kù. Àwọn méjèèjì sì lè wà lára ẹnìkan.

Ìmọ̀_Ọkàn

Ẹ jẹ́ n wá sórí ìbéèrè tí wọ́n ń tún bi yín.

Nínú rọpárọsẹ̀ apá ọ̀tún ọpọlọ, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ sọnù lẹ́yìn tó wọlé. Kò wọlé rárá ni. Tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, ẹni mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹ pa rédíò. Ẹ wá síwájú wọn, lápá ọ̀tún díẹ̀, ẹ pe orúkọ tàbí oríkì wọn kí wọ́n wò yín. Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo, ní gbólóhùn kúkurú. Ẹ ní kí wọ́n tún un sọ fún yín. Ẹ ó rí i pé ìdajì ìgbàgbé náà á dín kù níbẹ̀ yẹn.

Ìkejì, ẹ dẹ́kun ìdánwò. Àlejò á wọlé, á ní: "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ mí? Ta ni mí?" Wọ́n á méfò, wọ́n á ṣì í, àṣìṣe yẹn ló sì máa lẹ̀ mọ́ ọpọlọ. Kí àlejò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: "Ẹ kúulé o, Bùkọ́lá ni, ọmọ Ìyá Alákàrà." Kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ fún wọn ní ìdáhùn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wá a kiri.

Ìkẹta, ẹ ra ìwé eléwé 40 kan, ẹ so bírò mọ́ ọn. Ojú kan ṣoṣo ni kó máa wà: ẹ̀bá rédíò. Ojú ewé kan fún ọjọ́ kan: ọjọ́ wo lònìí, ta ló ń bọ̀, kí ni wọ́n jẹ, oògùn àárọ̀ ti lọ, oògùn alẹ́ kù. Wọ́n á fọwọ́ ara wọn fàlà sí èyí tó bá ti parí. Fún ẹni tí kò kàwé, ẹ lo pátákó àti àwòrán. Tí wọ́n bá bèèrè ohun tí wọ́n ti bèèrè tẹ́lẹ̀, ẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí ẹ wá ní: "Ẹ jẹ́ ká wo ìwé." Ẹ má sọ fún wọn pé wọ́n ti bèèrè rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí pé ìwé wà. Báyìí la ṣe ń kọ́ wọn. Ẹ sọ pé: "Ìwé yín wà lẹ́bàá rédíò." Ẹ bèèrè lójú ẹsẹ̀: "Ibo ni ìwé yín wà?" Wọ́n á dáhùn. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ tún bèèrè. Lẹ́yìn náà 30, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 1, 2, 4, 8, 16. Láàárín rẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ bó ẹ̀pà. Bí wọ́n bá ṣì í, ẹ sọ ìdáhùn kíákíá, kí wọ́n tún un sọ, kí ẹ padà sí àkókò tí wọ́n gbà kẹ́yìn. Àti pé nígbà gbogbo tí wọ́n bá dáhùn, kí wọ́n nawọ́ mú ìwé náà. Ohun kan ṣoṣo ni ká máa kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá lè dáhùn ìbéèrè náà ní kùtùkùtù fún ọjọ́ mẹ́ta léra wọn, ẹ bọ́ sórí òmíràn. Áláàmù fóònù lè ràn yín lọ́wọ́ fún oògùn, ṣùgbọ́n kó sọ̀rọ̀. Tó bá kàn dún lásán, wọ́n á pa á, wọn ò ní mọ ohun tó ń dún fún.

Ọlọ́pọ́n_Ẹnuwá

Ayò ọlọ́pọ́n ni kí ẹ gbé fún wọn. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò. Ìṣirò ni gbogbo rẹ̀.

Ìmọ̀_Ọkàn

Ayò dára, ẹ jẹ́ kí wọ́n ta á, torí ó ń mú kí wọ́n bá ènìyàn jókòó, ó sì ń mú orí yá. Ohun tí mo máa tọ́ka sí ni pé ẹni tó bá ń fi ayò dánra wò á túbọ̀ mọ ayò ta. Ìyẹn ò sọ pé á rántí oògùn rẹ̀. Bákan náà ni eré ìdárayá ọpọlọ orí fóònù. Ohun tí a bá fẹ́ kí wọ́n lè ṣe náà gan-an ni ká máa fi kọ́ wọn. Bó bá jẹ́ aṣọ kíká, ẹ gbé aṣọ fún wọn.

Físíò_Ifẹ̀

Ṣùgbọ́n fún bàbá yìí, ọpọ́n ayò wúlò lọ́nà kan. Ihò mẹ́fà ló wà níwájú wọn. Ẹ wò ó, ihò méjì tó wà ní ìparí ọwọ́ òsì, wọn ò ní máa ta níbẹ̀. Ẹ lẹ téèpù pupa yẹn mọ́ etí rẹ̀.

Arábìnrin_Módákẹ́kẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tí mo ya wọlé. Tìyá wa, apá òsì ọpọlọ ni. Wọ́n á fẹ́ ṣíbí, wọ́n á ní bàtà. Wọ́n á pe orúkọ mi mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kọrin ìjọ láìṣì. Ṣé iyè wọn ló rà?

Olùtọ́jú_Ohùn

Rárá, mà. Ọ̀rọ̀ ló sọnù, kì í ṣe ìrántí. Ní ọ̀pọ̀ ènìyàn, apá òsì ni ilé ọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbé ṣíbí, bàtà àti kọ́ọ̀bù sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ kan ohun tí a fi ń jẹ ìrẹsì. Bí wọ́n bá mú ṣíbí, wọ́n mọ ohun tó jẹ́, orúkọ rẹ̀ ni kò tẹnu wọn jáde. Orin, àdúrà, kíkà oókan sí ẹẹ́wàá àti ìkíni máa ń ṣẹ́ kù torí wọ́n ti di àtẹnudẹ́nu. Kì í ṣe pé wọ́n ń díbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ lásán bá kọ̀.

Ẹ máa bi wọ́n ní ìbéèrè tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lè dáhùn, kí ẹ sì gbé nǹkan méjì sókè kí wọ́n yàn. Kẹ́ ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn yín kí ẹ tó bá wọn parí gbólóhùn. Ẹ má pariwo, etí wọn ò di. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ wọn lójú wọn bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló ń gbọ́ ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ. Tí dókítà bá fẹ́ dán ìrántí wọn wò, ẹ jẹ́ kó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú, torí púpọ̀ nínú ìdánwò náà ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é.

AláṣọFunfun

Mo padà wá sórí jíjókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Nǹkan méjì ló jọra níbẹ̀, ìtọ́jú wọn ò sì jọra.

Ìkínní ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ló máa ń bá a pàdé. Oúnjẹ ò wù wọ́n, wọ́n ń jí lóru, wọ́n ń sọ pé àwọn ti di ẹrù sí ọmọ lọ́rùn. Bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, kí dókítà gbọ́. Oògùn wà fún un, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ìrántí sì máa ń dára sí i bí ọkàn bá ti gbé e. Ẹ bi wọ́n tààrà bóyá ikú ń wù wọ́n. Bíbéèrè ò ní kó o sí wọn lọ́kàn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nìkan, kí dókítà rí wọn lọ́jọ́ náà.

Ìkejì, kò sí ìbànújẹ́ níbẹ̀: apá ọpọlọ tó ń ti ènìyàn dìde ló gbọgbẹ́. Ẹ ní kí wọ́n lọ wẹ̀, wọ́n á ní ó dáa, wọn ò ní kúrò lójú kan. Ilé á ní ọ̀lẹ ni, ó sì ń dun aláìsàn. Ẹ bá wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: ẹ gbé kànrìnkàn sí wọn lọ́wọ́, ẹ di bọ́tìnnì àkọ́kọ́, àwọn fúnra wọn á parí èyí tó kù. Ìṣètò ọjọ́ kan náà lójoojúmọ́ ló ń gbà wọ́n.

Bí wọ́n bá ń sunkún tàbí rẹ́rìn-ín lójijì, fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, láìsí ohun tó tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń ṣàkóso ẹkún àti ẹ̀rín ló gbọgbẹ́. Ẹ má pé lé wọn lórí, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà. Bó bá sì ṣe pé wọ́n ń ranjú mọ́ ibì kan, tí wọn kì í dáhùn fún ìṣẹ́jú kan, tí ẹnu wọn ń jẹ nǹkan tí kò sí, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Wárápá lè tẹ̀lé rọpárọsẹ̀, irú èyí sì máa ń jọ ìgbàgbé.

ỌmọÒṣómàáló

Ó ti yé mi. Ti owó ńkọ́? Gbèsè gbogbo oníbàárà wọn, orí ni wọ́n ń fi kà á. Wọ́n ṣì fẹ́ padà sọ́jà.

Ìmọ̀_Ọkàn

Ẹ má gba ọjà lọ́wọ́ wọn pátápátá. Ẹ jókòó tì wọ́n láàárọ̀ tí ara bá silé, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ, aṣọ wo, ọ̀pá mélòó, iye, èyí tó ti san. Ìrántí àtijọ́ máa ń ṣẹ́ kù ju ti àná lọ, ẹ ó rí púpọ̀ gbà. Ìwé àwọn ọmọ ìṣọ̀ tàbí ti oníbàárà fúnra rẹ̀ lẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá padà, kó jẹ́ wákàtí méjì láàárọ̀, kí ẹnìkan wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn á nájà, ẹnìkejì á ka owó. Èyí ń gbé ọlá wọn ró, ọpọlọ sì ń ṣe iṣẹ́ tó mọ̀.

Ní ti PIN àti ilẹ̀ àti ilé, ẹ lọ rí lọ́yà nísinsìnyí tí ọ̀rọ̀ ṣì yé wọn, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kó máa ṣojú wọn. Ìwé tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé mọ́ bá tọwọ́ bọ̀, ìjà ẹbí ni. Kí ó má jẹ́ ìkọ̀kọ̀, kí àwọn ọmọ gbọ́.

Nínú ilé: ẹ máa ti orí sílíńdà gáàsì lẹ́yìn ìdáná gbogbo. Ẹ má rọ kẹrosín sínú ìgò omi. Kí kànga ní ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ wíwà àti ọ̀kadà, ó di ìgbà tí dókítà bá yẹ̀ wọ́n wò, pàápàá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn. Ẹ fi káàdì kékeré sí àpò aṣọ wọn pẹ̀lú nọ́ńbà ọmọ méjì.

Dókítà_Abẹ́Igi

Mo ka gbogbo rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó bá rò pé kò sí nǹkan tó ṣeé ṣe sí i, ẹ jẹ́ kó gbọ́ èyí: ọ̀rọ̀ ìrònú lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an. Nínú ìwádìí CogFAST tí wọ́n ṣe ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí, tó jáde ní 2014, ènìyàn 143 ni wọ́n yẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Àwọn 57 ní ìṣòro ìrònú tí kò tíì di arán. Àwọn 12 ló ní arán. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gbàgbé pọ̀ jìnnà ju ẹni tó ń ṣarán lọ. Ìṣòro náà sì lè dín kù: oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ìyípadà ń yá jù, ó ṣì máa ń tẹ̀síwájú lẹ́yìn oṣù kẹfà, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìdánwò. MoCA ni wọ́n sábà máa ń lò, 30 ni gbogbo máàkì rẹ̀, 26 sókè ni wọ́n ń pè ní ó dáa. Ó ní yíya aago àti kíka lẹ́tà nínú. Ẹni tí kò lọ ilé ìwé púpọ̀ á gba máàkì kékeré pẹ̀lú ọpọlọ tó pé. Máàkì kan tí wọ́n ń fi kún un kò tó. Ìdánwò IDEA, tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbàlagbà Áfíríkà, kò nílò ìwé kíkà: orúkọ ẹranko ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n dá, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá láti rántí, ìṣáná láti tò. Ẹ bèèrè fún un. Ṣíṣe é lẹ́ẹ̀mejì, oṣù mẹ́ta sí oṣù mẹ́ta, sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun tó ń dáàbò bo ìrántí jù ni kí rọpárọsẹ̀ kejì má wáyé, torí àkàsọ̀ kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń mú ìrònú sọ̀kalẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí ìfúnpá wà lábẹ́ 130/80. Ọwọ́ ọ̀tún tó le ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kí wọ́n ti jókòó fún ìṣẹ́jú 5, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín. Ewébẹ̀ lójoojúmọ́, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú. Ìwádìí SIREN ti Nàìjíríà àti Gánà, 2018, rí i pé àìjẹ ewébẹ̀ wà lára ohun tó ń bá rọpárọsẹ̀ rìn. Ẹ dín iyọ̀ àti Maggi kù.

Tí ojú bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá bá já bọ́, tí ọ̀rọ̀ bá lọ́ lójijì, ẹ wo aago, kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí 4 àbọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún ni, wọn kì í sì í fún ni láì kọ́kọ́ ya àwòrán inú orí, bíi CT scan. Ẹ má rọ nǹkan sí wọn lẹ́nu, ẹ má fún wọn ní aspirin sí i.

ỌmọÒṣómàáló

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni a máa lọ ilé ìwòsàn Wesley Guild. Kí ni kí n kó dání?

AláṣọFunfun

Gbogbo oògùn pátá nínú àpò kan, pẹ̀lú páálí, Piriton àti àgbo bó bá wà. Fíìmù CT. Ìwé tí ẹ kọ iye ṣúgà àti ìfúnpá sí, pẹ̀lú aago. Ẹ kọ àpẹẹrẹ mẹ́ta ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ má kàn ní "wọ́n ń gbàgbé". Ẹni tó ń bá wọn gbé lójoojúmọ́ ni kó tẹ̀lé wọn, kì í ṣe ẹni tó ti Èkó dé lánàá. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbààwẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n má lo glibenclamide títí wọ́n á fi jẹun.

Físíò_Ifẹ̀

Tí dókítà bá gbé ìwé ìdánwò síwájú wọn, ẹ tètè sọ fún un pé àkíyèsí wọn kì í dé apá òsì, kó sún un sí ọ̀tún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí wọn ò rí ni wọ́n á kà sí ohun tí wọ́n gbàgbé.